Ọ̀RỌ̀ INÚ ILÉ: Fíìmù Àwọn Jàǹdùkú Tí Ó Wọ Ìyẹ̀wù Wa

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá sí ojú ìwé yìí ní ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ tàbí ti ìtọ́jú ọmọ ọwọ́. Ọ̀rọ̀ sinimá ni, èyí tí àwọn ènìyàn máa ń jáde lọ wò ní ìgbà kan rí, ṣùgbọ́n tí ó ń tọ̀ wá wá nínú ìyẹ̀wù wa nísisìyí. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí àríyànjiyàn ti wà ní Ẹ̀dá-Oníyọ̀ níhìn-ín, àti ní àwọn ìlú tí ó yí wa ká, láti Ìyè títí dé Ìdó, láti Ọ̀yẹ́ títí dé Ìkọ̀lé, lórí àwọn fíìmù tí ó kún fún ìbọn, àdá àti ẹ̀jẹ̀. Ẹnì kan á ní ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń kọ́ni. Ẹlòmíràn á ní ìbàjẹ́ ni wọ́n ń gbìn. Nígbà tí irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ bá wọ inú ilé, tí ohùn bàbá kò ṣọ̀kan pẹ̀lú ti ìyá, tí ọmọ sì ń wo àwọn méjèèjì lójú, ó tó ohun tí a ń fi ara balẹ̀ yẹ̀wò.

Kí ọ̀rọ̀ wa má baà dàbí ti ẹni tí ń ta ọfà sínú òkùnkùn, ẹ jẹ́ kí a mú fíìmù kan ṣoṣo kí a gbé e kalẹ̀ sí àárín. Gangs of Lagos ni orúkọ rẹ̀, èyíinì ni àwọn ẹgbẹ́ jàǹdùkú Èkó. Jade Osiberu ni ó darí rẹ̀. Òun ni fíìmù àkọ́kọ́ láti Nàìjíríà tí Prime Video, ti ilé-iṣẹ́ Amazon ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé jáde gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tirẹ̀. Nítorínáà kò dúró ní ilé sinimá fún oṣù mélòó kan kí ó tó dé ilé. Inú ilé gan-an ni a fi ṣe ibi ìfihàn rẹ̀, ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 2023. Ẹni tí ó bá ṣí kàlẹ́ńdà ọdún náà wò yóò rí i pé Ọjọ́ Ẹtì Rere ni ọjọ́ náà í ṣe. Àwọn ọmọ wà ní ìsinmi, àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní Èkó àti ní Ìbàdàn ti wálé fún Àjíǹde, fóònù tí ó ní dátà sì pọ̀ nínú agbo ilé ju ti ọjọ́ mìíràn lọ. Bí ìlú ti ń ti ilé ìsìn bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìró ìbọn ti ń dún nínú fóònù.

Ìtàn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tí wọ́n jùmọ̀ dàgbà ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni fíìmù náà ń sọ. Obalola, Gift àti Ify ni orúkọ wọn. Tobi Bakre, Adesua Etomi-Wellington àti Chike ni wọ́n sì kó ipa wọn. Àwọn alágbára àdúgbò, tí àwọn olóṣèlú wà lẹ́yìn wọn, ni wọ́n sọ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ di ọmọ ogun. Ify, tí ó ń fi gbogbo ọkàn lépa àti di olórin, kò ríbi dé ibi tí ó ń lọ. Wọ́n pa á. Láti ibẹ̀ lọ, ẹ̀jẹ̀ ni ó ń fa ẹ̀jẹ̀.

Ohùn àwọn tí ó wo fíìmù yìí kò dọ́gba rárá. Àwọn tí ó yìn ín wí pé iṣẹ́ ọwọ́ tí ó mọ́ ni. Pé ìjà inú rẹ̀ kò dàbí eré ọmọdé mọ́. Pé wọ́n gbọ́ èdè Yorùbá kí ó dún ketekete lẹ́gbẹ̀ẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì àti èdè Ìgbò nínú iṣẹ́ tí gbogbo ayé lè rí. Wọ́n tún wí pé òtítọ́ ni ó sọ: ta ni kò mọ̀ pé nígbà tí ìdìbò bá dé, àwọn ènìyàn ńlá a máa wá àwọn ọmọ tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ kiri, wọn a fún wọn ní owó àti ọtí, wọn a sì gbàgbé wọn bí ìdìbò bá ti kọjá? Ọ̀pọ̀ òǹwòran ni ó sì fi ìyìn fún Chioma Akpotha, tí ó ṣe ìyá Ify, nítorí ọ̀rọ̀ tí obìnrin náà dìde bá àwọn ọmọ àdúgbò sọ lẹ́yìn tí ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀ ẹ́.

Àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ náà kò fi ahọ́n mọ ẹnu. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ pọ̀ jù, àti pé ẹni tí ń pa ènìyàn ni a fi ẹwà wọ̀ ju ẹni tí ń ṣiṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀ lọ. Wọ́n ní èébú àti ọ̀rọ̀ tí kò yẹ ní ẹnu ọmọ ènìyàn kún un. Wọ́n ní bí ọmọ bá rí i pé ọmọkùnrin tí ó gbé ìbọn ni ó ní mọ́tò, ni ó ní aṣọ tí ó dára, ni gbogbo àdúgbò ń wárí fún, kí ni ìwé yóò tún dùn mọ́ nínú? Bí a bá fi òtítọ́ inú wò ó, a kò lè sọ pé àwọn wọ̀nyí ń ṣàwáwí.

Ẹ̀sùn kan wà tí ó wúwo ju gbogbo ìyókù lọ. Àwọn ọmọ bíbí Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n mú un wá. Nínú fíìmù náà, àwọn apànìyàn wọ aṣọ Ẹ̀yọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí Ẹ̀yọ̀ rí mọ bí ó ti rí: aṣọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀, àkẹtẹ̀ lórí, ọ̀pámbàtà lọ́wọ́. A máa ń mú un jáde láti fi ṣe ẹ̀yẹ fún ọba tàbí ẹni ńlá tí ó ti papò dà, a kò sì gbọdọ̀ wọ bàtà tàbí fa sìgá níwájú rẹ̀. Aṣọ tí a fi ń sin òkú ọlọ́lá ni a gbé wọ ẹni tí ń sọ alààyè di òkú. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó fi ẹ̀hónú hàn, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó pàápàá sì kọ̀ ọ́. Ọ̀ràn náà dé ilé ẹjọ́. Ní ọdún 2025 ni ó parí sí ìtùbí, tí àwọn tí ó ṣe fíìmù náà sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó ní gbangba.

Ẹnì kan lè wí pé, ‘Kí ni ó kan Ẹ̀dá-Oníyọ̀ nínú ọ̀ràn Ìsàlẹ̀ Èkó? Àwa kò ní Ẹ̀yọ̀, Onígbàgbọ́ sì ni wá.’ Ó kàn wá. Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò pé ọ̀gbẹ́ni kan dìde, ó gbé fíìmù jáde, ó fi orúkọ ìlú wa pè é ní ìlú àwọn apànìyàn, gbogbo ayé sì wò ó. Ọmọ wa tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní ìlú òkèèrè yóò dárúkọ ìlú rẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì rẹ́rìn-ín pé, ‘Háà, àwọn oníbọn!’ Ṣé inú wa yóò dùn? Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ, ti ìlú kò sì yàtọ̀ sí ti ènìyàn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí ó wo fíìmù yìí níhìn-ín kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ Èkó rí. Ohun tí wọ́n rí nínú fóònù ni wọn yóò pè ní Ìsàlẹ̀ Èkó títí wọn yóò fi dàgbà, àfi bí ẹnì kan nínú ilé bá sọ fún wọn pé àwọn oníṣòwò, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, àwọn àlùfáà àti àwọn ìyá arúgbó tí wọ́n tọ́ ọmọ yanjú ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú.

A kò sì gbọdọ̀ rò pé ìgbà tiwa yìí ni wíwo ìwà ipá bí eré ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ọdún 1971 ni wọ́n yìnbọn pa adigunjalè tí à ń pè ní Ìṣọ̀lá Oyènúsì pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní etíkun Bar Beach ní Èkó. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni wọ́n fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀ láti lọ wòran. Èyí kì í ṣe fíìmù. Ikú ni, ní ojú ọ̀sán gangan. Ìjọba rò pé ẹni tí ó bá fi ojú ara rẹ̀ rí i yóò bẹ̀rù olè. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1986 ni orúkọ Lawrence Anini gba ẹnu gbogbo ayé kan ní Benin, tí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kó jìnnìjìnnì bá ìlú, títí a fi pa òun náà ní ọdún 1987. Nítorínáà, bí ẹnì kan bá sọ fún wa pé rírí ẹ̀jẹ̀ nìkan tó láti mú ọmọ kórìíra ẹ̀jẹ̀, a óò sọ fún un pé Bar Beach ti dán an wò, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ojú lásán kì í kọ́ ènìyàn lẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ tí a bá sọ sí ohun tí ojú rí ni ń kọ́ni.

Ìfẹ́ tí àwọn ènìyàn ní sí irú ìtàn yìí kò sì kéré. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé 1995, nígbà tí fídíò inú kásẹ́ẹ̀tì gba òde, Owo Blow ti Tade Ogidan, ìtàn ọmọkùnrin kan tí ìyà ilé ayé tì sínú ìdigunjalè, wọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé Yorùbá. Ní ọdún 2018 ni Kemi Adetiba gbé King of Boys jáde, níbi tí Sola Sobowale ti ṣe Eniola Salami, obìnrin ọlọ́rọ̀ tí ó jẹ́ ọba àwọn ọ̀daràn. Owó tí àwọn ènìyàn san ní ilé sinimá láti wò ó ju 200 mílíọ̀nù náírà lọ. Nígbà tí apá kejì yóò dé, ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 2021, kò gba ilé sinimá kọjá mọ́. Ó gba orí Netflix wọ ilé ní ìpín 7. Ní ìparí ọdún 2023 ni A Tribe Called Judah ti Funke Akindele jáde, ìtàn ìyá kan tí àwọn ọmọ rẹ̀ 5 gbèrò láti lọ jalè. Òun sì ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí owó rẹ̀ kọjá bílíọ̀nù 1 náírà ní ilé sinimá. Ẹni tí ó bá ń sọ pé kí a kàn fi ọwọ́ gbá gbogbo rẹ̀ dànù kò tíì mọ bí odò náà ti jìn tó.

Nísisìyí a dé ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. Ilé sinimá ní ẹnu-ọ̀nà, ẹnu-ọ̀nà sì ní olùṣọ́. Òfin 85 ti ọdún 1993 dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ fún ìjọba àpapọ̀, láti máa yẹ fíìmù àti fídíò wò kí a tó fi wọ́n hàn. Ìgbìmọ̀ náà a máa fi àmì ọjọ́ orí sí ara wọn: bí àmì náà bá jẹ́ 15 tàbí 18, ẹni tí kò bá tó ọjọ́ orí náà kò gbọdọ̀ wọlé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024 ni Shaibu Husseini, olórí ìgbìmọ̀ náà, tún kéde ìlànà tuntun sí àwọn fíìmù tí ń fi sìgá, oògùn owó àti fífi ènìyàn ṣe ètùtù hàn bí ohun ẹ̀yẹ. A dúpẹ́ fún èyí. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i pé orúkọ ìbọn kò sí nínú àkọlé ìlànà náà. Àti pé bí ó tilẹ̀ wà níbẹ̀, kò sí olùṣọ́ kankan tí ìjọba lè rán wá dúró sí ẹnu-ọ̀nà ìyẹ̀wù ẹnikẹ́ni ní Ẹ̀dá-Oníyọ̀. Bí fíìmù bá ti wọ inú ilé, onílé ni ó di olùṣọ́.

Ohun mìíràn sì wà tí a kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ. Àwọn tí ń san owó fún Prime Video tàbí Netflix ní agbègbè wa kò pọ̀. Ọ̀nà tí fíìmù náà gbà dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni pé ẹnì kan jí ẹ̀dà rẹ̀ kọ, ó kì í sínú káàdì kékeré tí a ń fi sínú fóònù, ẹlòmíràn gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Àmì ọjọ́ orí kì í bá a rin irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀. Òfin tuntun tí ó dáàbò bo iṣẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti àwọn oníṣẹ́ ọnà, èyí tí Ààrẹ Buhari fi ọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, kò sì fi àyè gbà á. Ǹjẹ́ kò yẹ kí ojú tì wá díẹ̀, pé a jókòó nínú ilé Onígbàgbọ́, à ń dá àwọn olè inú fíìmù lẹ́bi, nígbà tí ẹ̀dà tí à ń wò fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun tí a jí?

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ nínú agbo ilé kan ní ìlú wa níhìn-ín. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin tàbí márùn-ún ń ṣeré ní àgbàlá, wọ́n gé ọ̀pá ìmọ̀ ọ̀pẹ, wọ́n fi ṣe ìbọn. Ọ̀kan dùbúlẹ̀ sí ilẹ̀ gbalaja, àwọn yòókù sì ń fò ó kọjá pẹ̀lú ariwo ńlá. Ìyá arúgbó kan jókòó sí ẹ̀bá ògiri, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ó pè wọ́n, ó ní:

‘Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ni èyí tí ó dùbúlẹ̀ yìí?’

‘Ìyá àgbà, òkú ni. A ti yìnbọn fún un.’

‘Òkú ta ni?’

Wọ́n wo ara wọn lójú. Èyí tí ó dàgbà jù nínú wọn dáhùn pé, ‘Òkú lásán ni, Ìyá àgbà.’

‘Kò sí òkú lásán. Ta ni ìyá rẹ̀?’

Ọmọ tí ó dùbúlẹ̀ la ojú kan, ó ní, ‘Ìyá àgbà, ìyá mi lọ sí oko.’

‘Ó dára. Nígbà tí ó bá ti oko dé, tí ó sì sọ ẹrù kalẹ̀, èwo nínú yín ni yóò lọ sọ fún un?’

Kò sí ẹni tí ó dáhùn. Ọ̀kan nínú wọn sọ ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀, ó ní òun fẹ́ mu omi. Ìyókù sì tẹ̀lé e. Ìyá arúgbó náà kò na ẹnikẹ́ni, kò gba fóònù ẹnikẹ́ni, kò sì bú àwọn tí ó ṣe fíìmù. Ìbéèrè kan ni ó bi wọ́n, eré náà sì parí.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìbéèrè yìí ni a fẹ́ kí gbogbo ilé gbà mú: Ta ni ìyá rẹ̀? Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù oníbọn, ogún ènìyàn lè ṣubú láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún kí òǹwòran má mọ orúkọ ẹnì kan nínú wọn. Àwọn baba ńlá wa kì í sọ ìtàn ogun báyìí. Àwa ọmọ Èkìtì kì í ṣe àjèjì sí ìtàn ogun. Ogun Èkìtì Parapọ̀, tí a buwọ́ lu ìwé àdéhùn rẹ̀ ní ọdún 1886, wà lẹ́nu àwọn àgbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àgbà bá ń sọ ọ́, a máa dárúkọ ẹni tí ó lọ tí kò bọ̀, a máa ki oríkì rẹ̀, a sì máa sọ ilé tí ó di ahoro lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ tí ó gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ gbọ́ ìró ìbọn, ó sì gbọ́ ẹkún pẹ̀lú. Ìdí nìyí tí a fi rò pé àwọn òǹwòran tí ó yin ọ̀rọ̀ ìyá Ify rí ohun tí ó dára jù lọ nínú fíìmù náà: ó sọ òkú kan di ọmọ ẹnì kan.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé ọ̀rọ̀ eré ọmọdé lásán ni à ń sọ, kí ó rántí ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2024. Ní ọjọ́ náà ni àwọn oníbọn dá àwọn ọba lọ́nà ní agbègbè Ìpaò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé, tí wọ́n sì pa Onímòjò ti Ìmòjò àti Ẹlẹ́sùn ti Ẹ̀sùn. Ní ọjọ́ kan náà ni wọ́n jí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ àti àwọn olùkọ́ wọn gbé nínú mọ́tò ní Ẹmùré. Ọjọ́ 4 oṣù kejì ni wọ́n tó gba ìtúsílẹ̀. Ọ̀nà tí àwọn ará ilé wa ń gbà lọ sí ọjà àti sí ìsìnkú ni àwọn ọba wọ̀nyí gbà. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ rìn lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ ní apá ibẹ̀ a máa kọ́kọ́ bèèrè bí ọ̀nà ti rí. A kò sọ pé fíìmù ni ó rán àwọn oníbọn níṣẹ́; kò sí ẹni tí ó lè fi ìdí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ múlẹ̀, àwa kò sì ní purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí à ń sọ ni pé ìbọn kì í ṣe ìtàn ìlú òkèèrè mọ́ fún àwọn ọmọ wa. Ọmọ tí ó ti gbọ́ ẹkún tòótọ́ ní ọdún 2024, tí a sì fi sílẹ̀ ní òun nìkan pẹ̀lú fóònù tí ìbọn ń dún nínú rẹ̀ bí ìlù ijó, ọkàn rẹ̀ wà láàárín ohùn méjì. Ó yẹ kí ohùn kẹta, èyíinì ni ohùn ilé rẹ̀, wà níbẹ̀.

Kí ni kí á ṣe? Àkọ́kọ́, kí òbí mọ ohun tí ó wà nínú fíìmù kí ọmọ tó wò ó. Bí ẹ kò bá ní àyè láti wò ó, ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ti wò ó. Bí ẹ bá rí àmì 18 lára rẹ̀, ẹ̀yin ni a ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ọmọ. Ẹ̀kejì, àwọn tí ń san owó fún Netflix tàbí Prime Video lè ya ojú ìwé àwọn ọmọdé sọ́tọ̀, wọ́n sì lè fi nọ́ńbà àṣírí ti èyí tí ó jẹ́ ti àgbàlagbà. Bí ẹ kò bá mọ bí a ti ń ṣe é, ẹ pe ọmọ yín tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kí ó ṣe é fún yín. Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe fi owó ra ẹ̀dà tí a jí, ẹ má sì ṣe gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀kẹrin, àwọn ọmọ tí ó ti dàgbà tó láti wò ó, ẹ bá wọn jókòó. Ẹni tí ó bá ń fòfin de ọmọ ọdún 17 láì bá a sọ̀rọ̀ kàn ń rán an lọ wò ó ní ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni.

Nígbà tí fíìmù bá sì parí, kí ẹ tó pa fóònù, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta. Ta ni ó kú? Ta ni ìyá rẹ̀? Ta ni ó jẹ èrè ikú rẹ̀? Ìbéèrè kẹta yìí ni àwọn ọ̀dọ́ máa ń dáhùn dáadáa ju àwọn àgbà lọ. Bí ẹ bá bi wọ́n nípa Gangs of Lagos, wọn yóò sọ fún yín pé èrè náà kò dé ọwọ́ àwọn ọmọ tí ó gbé ìbọn. Ọwọ́ àwọn tí ó rán wọn ni ó dé. Ọmọ tí ó bá ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ èyí kò ní rọrùn láti rán níṣẹ́ ibi nígbà tí ìdìbò bá dé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, a kò kọ ọ̀rọ̀ yìí láti fi gba ìgbádùn yín lọ́wọ́ yín. Púpọ̀ nínú yín ń gbèrò láti lọ sí Èkó lọ wá iṣẹ́, ohun rere sì ni ẹ ń lépa. Ẹni tí yóò kọ́kọ́ fi ọ̀yàyà kí yín ní ibùdókọ̀ lè má jẹ́ ẹni tí ó fẹ́ yín fún rere. Bí ó bá gbé owó tí ẹ kò ṣiṣẹ́ fún lé yín lọ́wọ́, tí ó ní iṣẹ́ kékeré kan wà ní alẹ́ ọjọ́ ìdìbò, ẹ rántí pé ìyá tiyín náà ń bẹ ní Ẹ̀dá-Oníyọ̀, tàbí ní Ìyè, tàbí ní Ọ̀yẹ́, ó ń ti oko bọ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí.

Àríyànjiyàn àwọn òǹwòran kò ní parí láìpẹ́, kò sì pọn dandan kí ó parí. Kí ẹni tí ó fẹ́ yin iṣẹ́ ọnà máa yìn ín, kí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ kó nírìíra máa sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí àwọn méjèèjì jókòó nínú ìyẹ̀wù kan náà, kí ọmọ sì wà láàárín wọn, kí ó lè gbọ́ ìhà méjèèjì. A óò máa retí ìwé yín lórí ọ̀ràn yìí; kí bàbá kọ tirẹ̀, kí ìyá kọ tirẹ̀, kí ọmọ pẹ̀lú kọ tirẹ̀. Ó dìgbà kan ná.